Mẹ́sàn-án, Mẹ́jọ, Méje

Àpótí dígí tó wà lára ògiri gbọ̀ngàn Vesela ṣí sílẹ̀ gbayawu, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìṣó tó ti máa ń wà. Orí bẹ́líìtì fàdákà tí olóògbé Alvin Hrabal fi ayò káàdì gbà nígbà ayé rẹ̀ ti pòórá nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọ́ dígí, ẹnikẹ́ni ò sì já ilẹ̀kùn. Ẹni tó mú un mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé, àmọ́ ìyẹn ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí kò sí ará Vesela tí kò mọ̀ ọ́n.

Amparo Trevino, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti ọ́fíìsì ṣẹ́ríìfù, olórí ọlọ́pàá àgbègbè náà, dúró níwájú àpótí náà, ó ń jẹ kolache, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ki èso sí láàárín. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára dígí náà. Ipa ìka ọwọ́ tó ti dúdú fún èéfín ló kún ara rẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ibí yìí?"

"Gbogbo wa ni," Wilburn Jurek dá a lóhùn. Òun ni alága gbọ̀ngàn, òun náà sì ni olórí àwọn panápaná ìlú. Eérú ṣì wà nínú irun ojú rẹ̀. "Nígbà tá a ti ibi iná dé, tá a rí i pé kò sí níbẹ̀, olúkúlùkù fẹ́ rí i dájú."

"Áà. Ìka lẹ fi ń ríran ní Vesela."

Wilburn ò rẹ́rìn-ín. "Mísì Amparo, a ò pè yín torí ìka. Benny nìkan ló kù sínú gbọ̀ngàn nígbà tá a lọ pa iná. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ni gbọ̀ngàn ń bọ̀ wá dìbò kí á tó jẹun alẹ́. Bí kò bá gbé e jáde, kò tún ní wọ ibí yìí mọ́ láyé."

Ó sọ ọ́ sókè, kí Benny lè gbọ́. Benny Zapalac jókòó nídìí tábìlì káàdì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí katakata ti ṣẹ́ nígbà èwe. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, inú gbọ̀ngàn yìí ló ń gbé ayé rẹ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òun ló ń se kọfí, òun ló sì ń pín káàdì fún àwọn tó ń ta póòkà ní ọ̀sán Sátidé. Bí wọ́n bá lé e níbí, ilé rẹ̀ kù, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Amparo. Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí, obìnrin yìí kò sì fi ọ̀kan ṣe èkejì rí.

Ó fa àga, ó jókòó ti bàbá náà.

"Mísítà Benny, ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀."

"Ayò là ń ta. Wilburn, Delphine àti Lester ló ń ta, èmi ń pín. Ni fèrè iná bá dún. Pápá Pustka ló ń jó."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ohun tá a máa ń ṣe náà ni. Ẹni tí káàdì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á dà á dojú bolẹ̀, á gbé ọmọ ayò kan, ike pẹlẹbẹ tá a fi ń ta á, lé e, á sì sáré jáde. Èyí tó wà lójú tábìlì á wà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á máa bá a lọ. Láti ìgbà bàbá mi ni, mísì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Inú ilé lẹ wà?"

"Atẹ́gùn ń fẹ́ iná wá apá ibí. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ pa iná ààrò tí igẹ̀ màlúù wà lórí rẹ̀, kí ẹta iná má baà lọ bá wa dá ogun kejì sílẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí ò jẹ́ kí n yá."

"Ẹ ò gbọ́ kí ọkọ̀ dúró níwájú?"

"Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Iná ń jó, mísì."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ mú orí bẹ́líìtì Alvin?"

"Rárá o."

"Wọ́n ń pè yín lólè, ẹ wá jókòó jẹ́jẹ́ báyìí. Ṣé inú ò bí yín ni?"

Benny wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Inú ń bí mi. Ó ń bí mi gan-an. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ ni."

*

Wilburn ò kúrò níbi iná rárá; gbogbo ènìyàn ló jẹ́rìí sí i. Àmọ́ Amparo ò tíì jẹ kolache rẹ̀ tán tó fi gbọ́ pé àwọn méjì kan kúrò níbẹ̀ kí iná tó kú. Delphine Marek wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Lester Orsak náà lọ, ọkọ̀ omi lòun ń wà, omi sì tán nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà gbọ̀ngàn làwọn méjèèjì gbà.

Ó kọ́kọ́ pe Delphine. Obìnrin abarapá ni, opó ni, ó ń sin màlúù. Èéfín ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ wú, ó fi aṣọ ìnura tútù bo gbogbo ojú náà, àfi ẹnu nìkan ni Amparo rí bá sọ̀rọ̀.

"Níbo lẹ sá lọ tí iná ṣì ń jó?"

"Mi ò sá. Màlúù àbúrò mi wà nínú ọgbà tó kángun sí pápá. Mo lọ ṣí géètì fún wọn. Ẹ bi Fadá. Òun ló bá mi di géètì mú, màlúù kan sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ jáde lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ á lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́la."

Amparo tẹ Fadá láago. Fadá ní òótọ́ ni, àwọn wà pa pọ̀ títí Delphine fi padà síbi iná. Nípa ti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun, ó ní kí Amparo jọ̀wọ́ má béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà yẹn ṣe dí. Amparo ti fẹ́ dìde nígbà tí Delphine mí kanlẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìnura rẹ̀.

"Wọ́n jí orí bẹ́líìtì Alvin, ó dùn mí. Àmọ́ ká sòótọ́, Mísì Amparo, èyí tí Lester fi ayò ṣe fún mi lónìí dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí ló ṣe?"

"Ó bá mi dé òpin. Lórí ẹrẹ̀. Lester."

Amparo tún jókòó. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fi póòkà tọ́ ọ dàgbà ní etí odò, ó sì mọ̀ pé Lester Orsak kì í dúró lórí ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní àgbègbè yẹn.

"Ẹ tẹ́ ẹ fún mi," ó ní. "Bó ṣe wà gẹ́lẹ́."

*

Ẹni tí kò bá ta ayò yìí rí, èyí nìkan ni kó mọ̀. Káàdì méjì ni olúkúlùkù ń fi pamọ́ sọ́wọ́. Márùn-ún mìíràn á wá tẹ́ sójú tábìlì, wọ́n á sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Mẹ́ta á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Èèyàn á so tọwọ́ rẹ̀ mọ́ tojú tábìlì, ẹni tí tirẹ̀ bá so pọ̀ dáa jù ló jẹ. Bí ẹnì kan bá fi ọmọ ayò ta á lé ọ, o lè fi iye kan náà bá a lọ, tàbí kí o ju káàdì rẹ nù, kí ó sì jẹ láìṣí tirẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ọ̀mọ̀ràn kì í tẹjú mọ́ káàdì ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ojú tábìlì ló ń kà, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ilẹ̀ kó tó gbin nǹkan sí i.

Àgbẹ̀ sì làwọn ará Vesela. Bí ọba, méje àti méjì bá jáde, tí àmì ara wọn ò jọra, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò sí nǹkan tó ń hù níbẹ̀. Ẹni tí ọba kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fọkàn balẹ̀. Àmọ́ ohun tí Benny tẹ́ síwájú Amparo yàtọ̀: mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje, méjì nínú wọn sì ní àmì ọkàn pupa. Ẹrẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ní mẹ́fà àti márùn-ún lọ́wọ́ ti to káàdì márùn-ún tẹ̀ léra wọn gbọọrọ. Ẹni tó ní ọkàn pupa méjì lọ́wọ́ ti ní mẹ́rin, ó ń retí ìkarùn-ún. Gbogbo nǹkan ló lè hù níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbé mẹ́sàn-án méjì péré wọ inú rẹ̀ lè fi bàtà sílẹ̀ bọ̀.

"Èmi ti ju tèmi nù kí ìwọ̀nyí tó jáde," Wilburn ní. Ọ̀rọ̀ ayò ti jẹ́ kó gbàgbé ìbínú rẹ̀. "Ó ku àwọn méjèèjì. Delphine ta á lé gan-an. Ó kan Lester. Ó ti gbé káàdì rẹ̀ kúrò nílẹ̀ báyìí kó jù ú nù."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ká ní fèrè iná pẹ́ díẹ̀ sí i, ì bá ti jù ú."

"Nígbà tẹ́ ẹ dé ńkọ́?"

"Ó ní òun bá a lọ. Mo rò pé iná ti ra á lórí."

Benny ṣí ìkẹrin: mẹ́fà, ọkàn pupa. Ẹrẹ̀ wá di ọ̀gbàrà. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, ẹẹ́fà yìí gan-an sì ni Amparo ń wò tí kò lè gbójú kúrò.

"Delphine ti gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ síwájú," Benny ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Lester tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀."

"Lójú ẹsẹ̀? Ṣé ó tún káàdì ọwọ́ rẹ̀ wò?"

"Kò tún un wò."

"Kí ló ní?"

"Ọba kan, mẹ́sàn-án kan," Delphine ní. "Mẹ́sàn-án méjì péré. Mo ní ayaba àti mẹ́rin, èyí tí kò wúlò fún nǹkan kan. Mo ń dẹ́rù bà á ni. Ta ni kì í dẹ́rù ba Lester lórí ẹrẹ̀? Gbogbo Sátidé ni mò ń ṣe é."

Benny ní káàdì ìkẹyìn ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, Lester sì kó gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó ń kó o lọ́wọ́ ni Wilburn gbójú sókè, tó rí i pé àpótí dígí ṣófo.

Amparo gbọn èérún kolache kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ bá mi pe Lester wá," ó ní. "Kí ẹ̀yin tó kù jọ̀ọ́ lọ bá mi ṣọ́ ẹran níta."

*

Lester Orsak gùn, ó mọ́ tónítóní. Ó tilẹ̀ ti fọ ọwọ́ kó tó wọlé. Ó ṣí fìlà fún Amparo, ó sì jókòó.

"Mo gbọ́ pé ẹ lọ pọn omi."

"Níbi ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ọ̀ọ́kán ibí nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò wọ inú gbọ̀ngàn o. Omi ń kún, mo dúró tì í."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan tí kò kan ọ̀rọ̀ yìí." Ó tẹ́ ọba, méje àti méjì. "Ẹ ní ọba kan lọ́wọ́. Ẹnì kan ta á lé yín. Kí lẹ máa ṣe?"

Ojú Lester mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn ni. "Màá bá a lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn. Kí ló fẹ́ fi bá mi jà?"

Ó kó wọn, ó tẹ́ márùn-ún, mẹ́rin àti mẹ́ta, pupa méjì. "Ẹ ní márùn-ún kan lọ́wọ́. Ó ta á lé yín."

"Màá jù ú nù."

"Kíá báyìí?"

"Mísì Amparo, ẹ gbọ́. Lórí ẹrẹ̀, kì í ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lò ń wò. Ohun tó lè wà lọ́wọ́ ẹnì kejì ni, o ò sì lè mọ̀ ọ́n. Ibi tí o ò bá ti lè mọ̀, kúrò níbẹ̀. Alvin Hrabal ló kọ́ mi."

"Báwo ló ṣe kọ́ yín?"

"Ọjọ́ tó gba orí bẹ́líìtì yẹn, èmi àti òun ló kù sórí tábìlì. Ẹrẹ̀ ló jáde. Ó ti gbogbo tirẹ̀ síwájú, mo sì ju tèmi nù. Ó wá ṣí tirẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Amparo ò sọ ọ́ jáde. Ó rọra tẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje síwájú rẹ̀, ó wá gbé mẹ́fà olọ́kàn pupa tì wọ́n.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi bá Delphine lọ lórí èyí?"

Lester wo káàdì náà.

"Mo rí i lójú rẹ̀ pé irọ́ ló ń pa."

"Ojú èwo, Mísítà Lester? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ibi iná dé ni aṣọ ìnura ti bo ojú Delphine. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ títí lónìí, mi ò tíì rí imú rẹ̀."

"Orí ló bá mi ṣe é nígbà náà."

"Ó lè jẹ́. Àmọ́ ẹ ti ń ju káàdì yẹn nù kí fèrè tó dún, Wilburn rí yín. Ìgbà tẹ́ ẹ dé, ẹ̀rù ti tán lára yín. Ẹrẹ̀ tún jìn sí i, ẹ̀rù ò tún bà yín. Ẹ ò tilẹ̀ wo tọwọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín méjèèjì, iná pápá nìkan ló ṣẹlẹ̀, iná kì í sì í kọ́ èèyàn ní káàdì. Ẹ wọ inú gbọ̀ngàn nígbà tí omi ń kún. Ẹ gbé ọmọ ayò Delphine kúrò, ẹ sì wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Lester dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹran yíjú sí i. Ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Èmi ni mo mú orí bẹ́líìtì Alvin. Ó wà nínú ọkọ̀ omi, lábẹ́ rọ́bà. Benny ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àmọ́ mi ò wo káàdì ẹnikẹ́ni."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ. Ó gbà kí wọ́n pe òun lólè. Èyí tí kò lè gbà ni kí wọ́n ní ó wo káàdì abẹ́ ọmọ ayò. Ní Vesela, èèyàn lè jalè kó tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì fún un ní ẹran jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì yẹn ò lórúkọ, torí kò sẹ́ni tó dá a rí.

Amparo ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mísítà Lester, ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá lorí bẹ́líìtì yẹn ti wà lára ògiri, ẹ ò mú un. Kí ló dé tó jẹ́ òní?"

Èjìká ọkùnrin náà wálẹ̀.

"Mo fẹ́ mọ̀ ni," ó ní. "Delphine ta á lé bí Alvin ṣe ta á lé. Ẹrẹ̀ kan náà. Tábìlì kan náà. Mo wọlé wá mu kọfí, káàdì náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni kankan. Mo ní kí n mọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Mo wò ó. Kò ní nǹkan kan." Ó wo Delphine. "O ò ní nǹkan kan, bíi tirẹ̀. Mo gbójú sókè, ohun Alvin ń dán lára ògiri, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo mú un."

Delphine ṣí aṣọ ìnura kúrò lójú. Ojú náà pupa, ó wú, omi sì ń dà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ bóyá èéfín ni.

"Orí bẹ́líìtì, o lè gbé e padà," ó ní. "Ayaba mi tí o wò ńkọ́, Lester? Báwo lo ṣe fẹ́ gbé ìyẹn padà?"

*

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dé, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ dìbò lé lórí mọ́. Wilburn fúnra rẹ̀ gbé fàdákà náà padà sínú àpótí. Ó wá dúró níwájú Benny, ó ń yí fìlà rẹ̀ kiri lọ́wọ́.

"Benny, mo ṣì ọ́ mú."

"O ṣì mí mú lóòótọ́," Benny ní.

"Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Jókòó. Mo fẹ́ pín káàdì."

Wilburn jókòó, Delphine jókòó. Wọ́n ní kí Amparo wá gba àga Lester, ó sì gbà á. Lester dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lé e, kò sẹ́ni tó pè é. Benny pín in. Mẹ́ta jáde sójú tábìlì, ilẹ̀ gbígbẹ.

Ni fèrè iná bá tún dún. Atẹ́gùn ti tún iná pápá Pustka jí.

Wọ́n dìde. Wilburn da káàdì rẹ̀ bolẹ̀, ó mú ọmọ ayò kan kó gbé e lé e, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe, bí òun náà ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó wo ọmọ ayò náà, ó sì jù ú padà sáàárín tábìlì. Ó kó káàdì rẹ̀, ó fi í lé Benny lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Bá mi mú un dání."

Delphine ki tirẹ̀ bọ ọ́ lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí Wilburn dé ẹnu ọ̀nà, ó wo Lester lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Kí lo dúró ń wò? Ta ló fẹ́ bá wa wa ọkọ̀ omi?"

Lester sáré tẹ̀ lé wọn.

Amparo náà fi tirẹ̀ sílẹ̀ níwájú bàbá náà, ó bọ́ síta, ó sì wo inú gbọ̀ngàn láti ojú fèrèsé kó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Benny ò dìde nídìí tábìlì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, káàdì wọn dojú bolẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kankan sókè láti nù ún.